Má Wo Bọ́ọ̀lù, Wo Ọmọ Náà

Mo wà ní kíṣìnì Bàbá, mò ń bu ọbẹ̀ adìẹ sínú abọ́, nígbà tí ọkùnrin tó ń ròyìn eré lórí tẹlifíṣọ̀n pe orúkọ kan tó mú kí ìgbakọ dúró lọ́wọ́ mi. Kò pè é dáadáa. Ó gbé ohùn sókè níbi tó yẹ kó fi í sílẹ̀, ó sì já a lulẹ̀ níbi tó yẹ kó gbé e. Síbẹ̀, a kì í pe Ọlámidé létí ọmọ Yorùbá kó má mọ̀ pé Ọlámidé ni.

Mo sáré bọ́ sí pálọ̀. Mo ní, "Bàbá, ta ni wọ́n pè yẹn?" Bàbá nawọ́ sí ọmọ kúkúrú kan tó ń dìde nílẹ̀, tó ń yọ koríko kúrò lójú akoto rẹ̀. Jẹ́sì Yunifásítì Virginia ló wọ̀. Orúkọ tí wọ́n kọ sí i lẹ́yìn ni Zaccheaus.

Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016 ni mò ń sọ yìí. Oṣù mẹ́rin péré ni mo tíì lò ní Maryland. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò nílé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìbàdàn kí n tó sọdá, ṣùgbọ́n ọ́fíìsì tó yẹ kó yẹ ìwé ẹ̀rí mi wò dá a padà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní ó kù díẹ̀ káàtó. Owó ilé kò ní dúró de ìwé ẹ̀rí, mo bá gba iṣẹ́ títọ́jú àwọn arúgbó. Ilé Bàbá ni wọ́n rán mi lọ. Òyìnbó ni, ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ẹsẹ̀ kò gbé e mọ́ ṣùgbọ́n orí rẹ̀ pé. Virginia ló ti kàwé nígbà èwe rẹ̀, gbogbo Sátidé àsìkò bọ́ọ̀lù ló sì máa ń ní kí n gbé àga òun sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Orúkọ rẹ̀ gan-an ni wọ́n ní kí n máa pè é. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Mo bi í bóyá mo lè máa pè é ní Bàbá, mo sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún un. Ó rò ó díẹ̀, ó ní ó wu òun.

Èmi tí mo dàgbà sídìí Shooting Stars ní Adámásìngbà, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni mo mọ̀. Ti Amẹ́ríkà yìí dà bí ìjà ìgboro lójú mi ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́: wọn a sáré pàdé ara wọn, wọn a ṣubú lé ara wọn lórí, fèrè a dún, wọn a tún tò. Bàbá ló fi sùúrù là mí lọ́yẹ̀. Ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìgbà mẹ́rin láti fi gbé e síwájú ní yáàdì mẹ́wàá. Bí wọ́n bá ṣe é, wọ́n tún gba ìgbà mẹ́rin mìíràn; bí wọn ò bá ṣe é, bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ wọn nìyẹn. Ẹni tí wọ́n ń pè ní quarterback ló ń ju bọ́ọ̀lù. Wide receiver ni ẹni tó ń sá lọ síwájú láti lọ hán an lójú afẹ́fẹ́, kí àwọn ọ̀tá tó dé. Tó bá hán an, tó sì gbé e sá wọ òpin pápá, touchdown nìyẹn, ohun tí gbogbo wọn ń wá.

Ojú mi kì í kúrò lára bọ́ọ̀lù. Ibi tí bọ́ọ̀lù bá yà sí ni ojú mi ń yà sí. Bàbá kíyè sí i. Ó ní mi ò ní rí nǹkan kan tí mo bá ń wò ó bẹ́ẹ̀ yẹn. Ó ní, "Má wo bọ́ọ̀lù. Wo ọmọ náà."

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọmọ náà. Ọlámidé kì í sábà tò sí etí pápá bí àwọn tó ga. Inú lọ́hùn-ún ló máa ń dúró sí, nítòsí àwọn òmìrán tó ń forí gbárí láàárín, ibi tí wọ́n ń pè ní slot. Eré a bẹ̀rẹ̀, á sá yáàdì mẹ́fà, á dúró gbọn-in, á yí padà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì á ti ṣí sílẹ̀. Bọ́ọ̀lù á lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Á padà wá tò. Á gba àárín kọjá, ẹnì kan tó sanra jù ú lọ dáadáa á gbún un ní èjìká, bọ́ọ̀lù kò ní wá. Á padà wá tò. Á ṣe bí ẹni tó fẹ́ gba bọ́ọ̀lù, ọ̀tá méjì á tẹ̀ lé e, àyè á ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ fún ẹlòmíràn, èrò á pariwo orúkọ ẹlòmíràn yẹn. Òun á tún padà wá tò. Bí o bá fojú bọ́ọ̀lù wò ó, ọmọ náà kò ṣe nǹkan kan láti bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí o bá tẹjú mọ́ òun fúnra rẹ̀, kò tíì sinmi.

Mo mọ irú iṣẹ́ yẹn. Aago méjì òru àti aago márùn-ún ìdájí ni mo máa ń yí Bàbá padà lórí bẹ́ẹ̀dì kí egbò má baà yọ ọ́ lẹ́yìn. Níwọ̀n ìgbà tí egbò kò bá ti sí, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé mo jí. Mi ò sọ èyí fún Bàbá rí, ṣùgbọ́n láti Sátidé yẹn lọ ni mo ti ń fi ìfẹ́ wo eré náà, kì í ṣe nítorí owó iṣẹ́ mi nìkan mọ́.

Orúkọ bàbá ọmọ náà tún mú mi ronú. Zaccheaus, Sákéù inú Bíbélì ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àkọsílẹ̀ rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Ẹni tó bá lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi mọ Sákéù: ọkùnrin kúkúrú tó gun igi síkámórè nítorí pé èrò kò jẹ́ kó rí Jésù. Ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àti ínǹṣì mẹ́jọ ni Ọlámidé. Ládùúgbò wa kò sẹ́ni tó máa pe irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ní aràrá, ṣùgbọ́n nídìí iṣẹ́ wide receiver, níbi tí ọ̀pọ̀ wọn ti lé ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, wọ́n á fi ọ̀pá wọ̀n ọ́ kí wọ́n tó béèrè ohun tí o lè ṣe. Mo sọ fún Bàbá pé Ọlámidé túmọ̀ sí pé ọlá mi ti dé. Ó ní kí n pè é kí òun gbọ́. Mo pè é. Ó gbìyànjú. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn, tí àwọn ará tẹlifíṣọ̀n bá ti pè é ní àpètì, Bàbá á tún un pè láti orí àga rẹ̀, bí ẹni ń tọ́ ọmọdé sọ́nà.

Ní Plainfield, ìpínlẹ̀ New Jersey, ni wọ́n bí Ọlámidé lóṣù Keje 1997. Ní Philadelphia ló ti ṣe girama, ní St. Joseph's Prep, ilé ẹ̀kọ́ tó gba ife ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní 2013 àti ní 2014. Ní 2015 ló wọ Virginia. Mi ò mọ ìdílé rẹ̀, mi ò sì ní díbọ́n bí ẹni mọ̀ wọ́n. Orúkọ ló so mí mọ́ ọn, lẹ́yìn náà iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ọdún 2016 yẹn burú. Bronco Mendenhall ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá ni, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó sì kọ́kọ́ darí, Richmond, ẹgbẹ́ tí kò sí ní ipò wọn rárá, fi 37 sí 20 lù wọ́n nílé wọn ní Charlottesville. Ìgbà méjìlá ni wọ́n jáde lọ́dún náà, ìgbà méjì péré ni wọ́n borí. Mo rò pé Bàbá á ní kí n pa tẹlifíṣọ̀n ní oṣù Kọkànlá. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ti ń kọ iye bọ́ọ̀lù tí Ọlámidé bá hán sẹ́yìn kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri, nítorí pé olùkọ́ ìṣirò kì í rí nǹkan tó ṣe é kà kó má kà á. Nígbà tí àsìkò parí, ó jẹ́ 51. Ọdún tó ṣáájú, 21 ni.

Nígbà tí 2017 fi dé, wọ́n gbéra díẹ̀, wọ́n borí lẹ́ẹ̀mẹ́fà, èyí sì tó láti jẹ́ kí wọ́n pè wọ́n sí bowl, ìyẹn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìparí ọdún fún àwọn tó bá ṣe dáadáa. Ní Annapolis ni, níhìn-ín ní Maryland, ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá, wọ́n sì bá Navy, ẹgbẹ́ ilé ẹ̀kọ́ àwọn ológun ojú omi, pàdé nílé Navy. Joe Reed, ọmọ Virginia, gba bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí wọ́n gbá sí wọn, ó gbé e sá yáàdì 98, ó di touchdown. Bàbá pàtẹ́wọ́. Virginia kò tún rí àmì kankan mọ́ títí eré fi parí. Navy fi 49 sí 7 nà wọ́n. Mo kọ ti ọdún yẹn sẹ́yìn kàlẹ́ńdà: 85.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí 85 yìí. Ẹgbẹ́ tó ń fìdí rẹmi kì í rántí ẹni tó hán bọ́ọ̀lù yáàdì méje. Yáàdì 895 ni gbogbo 85 náà gbé e lọ. Ẹ pín in, kò pé mọ́kànlá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kékeré, kékeré. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, bó ṣe ń fi ọwọ́ kan bọ́ọ̀lù báyìí ni wọ́n ti ń gbá a mọ́lẹ̀. Nígbà mìíràn quarterback kàn máa ń tì í fún un ní ẹ̀gbẹ́, kó wá ọ̀nà tirẹ̀ láàárín ọ̀tá mẹ́ta. Àwọn oníròyìn fẹ́ràn èyí tí wọ́n jù jìnnà, tí ọmọ tó ga fò sókè já bí ọsàn. Èmi, èyí tí mo fẹ́ràn ni bí Ọlámidé ṣe máa ń dìde. Kì í nà sílẹ̀ pẹ́. Á gbé bọ́ọ̀lù fún rẹfirí, á sì máa sáré padà sí ẹnu ìlà kí àwọn yòókù tó dé ibẹ̀.

Ní àsìkò yẹn gan-an ni mo gbọ́ pé ọmọbìnrin mi, tó ti wá bá mi pẹ̀lú ìyá rẹ̀, ti gé orúkọ ara rẹ̀ kù sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nílé ẹ̀kọ́. Ó ní ó ti sú òun láti máa tún un pè fún wọn. Mi ò bá a wí. Ó kàn dùn mí ni.

Ìjì líle Florence ń bọ̀ wá sí etí òkun Carolina àti Virginia ní oṣù Kẹsàn-án 2018, wọ́n bá gbé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Virginia àti Ohio kúrò ní Charlottesville lọ sí Nashville, sí pápá ilé ẹ̀kọ́ Vanderbilt. Ọjọ́ 15 ni. Kì í ṣe pápá tiwọn, èrò kò pọ̀, ẹni tí kò bá fẹ́ràn ẹgbẹ́ méjèèjì kò ní wò ó. Quarterback tuntun wọn, Bryce Perkins, ju bọ́ọ̀lù kan sí Ọlámidé, ó hán an, ó sì tú eré ká, kò sẹ́ni tó lé e bá. Yáàdì 77. Ó tún ju òmíràn. Yáàdì 86. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣe tán, bọ́ọ̀lù mẹ́sàn-án ló hán fún yáàdì 247, iye tí ẹnikẹ́ni kò kó rí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ní Virginia. Ọmọ tí mo ti ń wò fún ọdún méjì tó ń kó yáàdì méje-méje jọ! Bàbá ní kí n gbé òun dìde. Mi ò lè dá a gbé, mo gbìyànjú, a jọ wà bẹ́ẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lọ́rùn mi, títí tí wọ́n fi tún un fi hàn lẹ́ẹ̀mejì.

Ó ní ohun kan tí kò tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ọdún mẹ́rin tó lò ní Virginia, kò borí Virginia Tech rí, àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ ọ̀tá ìdílé. Èyí tó kẹ́yìn, ní Blacksburg ní oṣù Kọkànlá 2018, wọ́n ti fẹ́ẹ̀ gbà á, ó bọ́ nínú àfikún àkókò, 34 sí 31. Ọdún tó tẹ̀ lé ìgbà tó lọ ni Virginia tó borí wọn. Ó ṣì ń dùn mí.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún náà, nínú Belk Bowl ní Charlotte, wọ́n pàdé South Carolina, tó wá láti inú SEC, ìpín tí gbogbo Amẹ́ríkà gbà pé ó le jù. Virginia kò gba bowl kankan láti 2005. Ọlámidé hán bọ́ọ̀lù méjìlá, touchdown mẹ́ta, 28 sí òdo. Kò sí ọ̀kankan nínú àwọn mẹ́ta náà tó jìnnà bíi ti Nashville; bí ó ṣe máa ń ṣe é láti ọjọ́ yìí ló ṣe é: á sá, á dúró gbọn-in, á yí padà, ọwọ́ á ti ṣí. Wàyí o, bọ́ọ̀lù ń wá. Mo mú bírò, mo kọ 93 sẹ́yìn kàlẹ́ńdà, mo fa ìlà, mo rò ó pọ̀: 21, 51, 85, 93. Ó jẹ́ 250. Billy McMullen ló ni iye tó pọ̀ jù tẹ́lẹ̀ nínú ìtàn ilé ẹ̀kọ́ náà, 210. Yáàdì 2,753 ni gbogbo rẹ̀. Bàbá ní kí n gbé kàlẹ́ńdà náà wá kí òun fọwọ́ kàn án.

Oṣù Kẹrin 2019 ni draft, ètò ọlọ́jọ́ mẹ́ta tí àwọn ẹgbẹ́ NFL, àwọn tó ń fi eré náà jẹun, fi ń yan àwọn ọmọ yunifásítì lọ́kọ̀ọ̀kan. Nashville ni wọ́n ti ṣe é, ìlú tó ti kó yáàdì 247 jọ ní oṣù méje ṣáájú. Orúkọ 254 ni wọ́n pè. Juan Thornhill, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Virginia, Kansas City mú un ní abala kejì, inú wa dùn. A dúró. Bàbá kì í lè jókòó pẹ́ mọ́ nígbà náà, mo gbé tẹlifíṣọ̀n wọ yàrá fún un. Ọjọ́ kìíní, ọjọ́ kejì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, wọ́n pe orúkọ 254, wọ́n sì kí gbogbo èèyàn pé ó dàbọ̀. Wọn ò pe Ọlámidé.

Bàbá dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó wá ní, "Bọ́ọ̀lù ni wọ́n wò."

Atlanta Falcons gbà á síbẹ̀, láìsí draft, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń kó àwọn tó ṣẹ́kù jọ kí wọ́n lè yẹ̀ wọ́n wò, tí wọ́n sì máa ń dá ọ̀pọ̀ wọn padà kí àsìkò tó bẹ̀rẹ̀. Wọn ò dá a padà. Ó kan jókòó, ó ń dúró. Bàbá kú ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, ní ìdájí, èmi ni mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ bi mí bóyá nǹkan kan wà tí mo fẹ́ mú nínú ilé. Mo ní kàlẹ́ńdà ara ògiri.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá, mo ti wà ní ilé arúgbó mìíràn. Mo jáde sínú ọkọ̀ mi ní àkókò ìsinmi, mo tan fóònù. Atlanta ń bá Carolina gbá a. Matt Ryan, quarterback Atlanta, ju bọ́ọ̀lù sókè, Ọlámidé wọlé sábẹ́ rẹ̀, ó hán an, ó sì ń lọ. Yáàdì 93. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tó máa hán nínú NFL nìyẹn, touchdown ni. 93 ni iye tó hán lọ́dún tó kẹ́yìn ní Virginia, 93 náà ni yáàdì àkọ́kọ́. Mo mọ̀ pé nọ́ńbà lásán ni, mo sì fi èyí kọ́ ọmọ fún ọdún mọ́kànlá, pé nọ́ńbà kò mọ ẹnikẹ́ni. Mo pariwo nínú ọkọ̀ náà. Mo pe Bàbá.

Kò di gbajúmọ̀ ńlá. Mo ń sọ èyí nítorí pé àwọn tó bá ka ibi yìí lè máa retí pé kí n sọ pé ó dọba. Ọdún mẹ́rin ló lò ní Atlanta. Nínú èyí tó kẹ́yìn, 2022, ó hán 40 fún yáàdì 533. Ó padà sí Philadelphia fún ọdún kan, ìlú tó ti ṣe girama, àwọn Eagles kò fi bẹ́ẹ̀ jù ú sí i, mẹ́wàá péré. Ní 2024 ó wá sí Washington Commanders, níbi tó ti hán 45. Chicago ló gbà á lẹ́yìn ìyẹn. Ẹni tí a kò yàn láàárín 254, tó ṣì ń gba owó iṣẹ́ yìí lẹ́yìn ọdún márùn-ún, mẹ́fà: ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n yàn lọ́jọ́ náà kò sí níbẹ̀ mọ́.

Pápá àwọn Commanders wà ní Landover, Maryland. Kò jìnnà sí wa. Mo ti padà sí kíláàsì nígbà náà, ìwé ẹ̀rí mi ti gba ọ̀nà mìíràn jáde, mo sì lè ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì láìyáwó. Ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá 2024, èmi àti ọmọbìnrin mi lọ wo Washington àti àwọn Eagles. Òtútù mú gan-an. Ọlámidé hán touchdown kan. Ó tún hán ìkejì. Ọkùnrin kan tó jókòó lẹ́yìn wa, tó ti ń pe orúkọ náà bó ṣe wù ú láti òwúrọ̀, fọwọ́ kan ọmọ mi léjìká, ó bi í bóyá ó mọ bí wọ́n ṣe ń pè é gan-an. Ọmọ mi wò mí. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí i, ó pè é fún un díẹ̀díẹ̀, Ọ-lá-mi-dé. Ọkùnrin náà ṣì í. Ó tún un pè fún un. Ìyàwó ọkùnrin náà dá sí i, òun náà fẹ́ mọ̀ ọ́n pè. Nígbà tí wọ́n fi máa gbà á tán, ó ku ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà, Jamison Crowder, ọmọ Washington, ti hán èyí tó gba ọjọ́ náà, 36 sí 33, gbogbo pápá ti dìde dúró. Mi ò rí i nígbà tó hán an. Ọlámidé ni ojú mi ń wá.